O'Donovan àti Orúkọ Ìlú Ireland

Ẹ̀yin èèyàn wa, àwa tí a wà lókè Ọya mọ bí ahọ́n àlejò ṣe ń lọ́ orúkọ ìlú. Ní Ireland, Doire, tó jẹ́ igbó igi óákù, ni Gẹ̀ẹ́sì sọ di Derry. Baile, ìyẹn ìlú, di Bally.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ya máàpù ibẹ̀, wọ́n gba John O'Donovan síṣẹ́ ní 1830. Ọmọ àgbẹ̀ ni, ó gbọ́ èdè Irish dáadáa. Abúlé dé abúlé ló ń bi àwọn àgbà léèrè orúkọ ilẹ̀ wọn. Ti Gẹ̀ẹ́sì náà ni wọ́n ṣì tẹ̀ sórí máàpù (ẹ ò rí nǹkan!), ṣùgbọ́n ti Irish wà nínú ìwé tó kọ.

Ní 1845 ìyàn ńlá bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń sọ èdè náà ló bá jù. Lónìí, ìwé O'Donovan wà lára ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò kí wọ́n tó kọ orúkọ Irish sára pátákó ojú ọ̀nà.