Ọ̀nà Kan, Ẹ̀tọ́ Méjì: Ìtàn Ìdádúró Ọkọ̀ Òfurufú Láàárín Èkó àti London

Ẹni tó bá gbéra láti Arákalẹ̀ ní Àkúrẹ́ tó ń lọ sí London, ìrìn àjò méjì ló dáwọ́ lé. Àkúrẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú tirẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ tó ń ti ibẹ̀ fò lọ sí ìlú òyìnbó. Èrò náà lè gba ọ̀nà Òǹdó àti Ọ̀rẹ̀ dé Èkó kó tó fojú kan pápákọ̀ Murtala Muhammed ní Ìkẹjà. Bí wọ́n bá wá sọ fún un pé ọkọ̀ di ọ̀la, ará Èkó lè padà sílé lọ sùn. Ará Arákalẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò sanwó ilé ìtura? Ta ni yóò dáhùn fún iṣẹ́ tàbí ìdánwò tó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́? Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun.

Lọ́dún 1929, àwọn orílẹ̀-èdè kan pàdé ní Warsaw, ní ilẹ̀ Poland, wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn pé iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ni yóò dáhùn fún àdánù tí ìdádúró bá kó bá èrò. Ìjọba amúnisìn mú àdéhùn náà wọ Nàìjíríà lọ́dún 1953. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni WAAC Nigeria, tó di Nigeria Airways lọ́dún 1971, bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ̀nà Èkó sí London pẹ̀lú ọkọ̀ tó yá lọ́wọ́ BOAC. Ẹ̀tọ́ wà nínú ìwé nígbà náà, àmọ́ ó ní ihò: bí iléeṣẹ́ bá lè fi hàn pé òun ti sa gbogbo ipá òun, ó bọ́. Èrò ni yóò wá agbẹjọ́rò, òun náà ni yóò mú ẹ̀rí àdánù rẹ̀ wá. Mélòó nínú wa ló lè ṣe é?

Àdéhùn Montreal ti ọdún 1999 rọ́pò ti Warsaw láàárín àwọn orílẹ̀-èdè tó tẹ́wọ́ gbà á. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní November 2003, ọdún kan náà tí Nigeria Airways kógbá sílé. Òfin ọkọ̀ òfurufú ti 2006 sì sọ ọ́ di òfin ilẹ̀ wa. Ó fún èrò ní ọdún méjì láti pẹjọ́, ṣùgbọ́n ẹrù ẹ̀rí ṣì wà lórí rẹ̀.

Yúróòpù ló yí ọ̀rọ̀ padà. Òfin wọn ti 2004, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní February 2005, ka iye owó gbà-máà-bínú sílẹ̀ láìbéèrè ẹ̀rí àdánù. Lọ́dún 2009, ilé ẹjọ́ wọn ní ìdádúró tó tó wákàtí mẹ́ta náà wà lábẹ́ rẹ̀. Britain pa òfin náà mọ́ lẹ́yìn tó kúrò nínú àjọ Yúróòpù. Lórí ìrìn àjò tó jìn bíi ti Èkó sí London, owó náà jẹ́ £520 bí ọkọ̀ bá fi wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ́ dé, àyàfi bí ohun tó fà á bá kọjá agbára iléeṣẹ́, irú bí ojú ọjọ́ tó burú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dun ni nìyí. Òfin Britain kan gbogbo ọkọ̀ tó bá gbéra láti Britain. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tó ń ti Èkó lọ síbẹ̀, ti iléeṣẹ́ Britain àti ti Yúróòpù nìkan ló kàn. Nítorí náà, èrò British Airways ní ẹ̀tọ́ náà ní àlọ àti àbọ̀. Èrò Air Peace, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fò lọ sí London ní 30 March 2024, ní in nígbà tó bá ń ti London bọ̀, kò ní in nígbà tó bá ń ti Èkó lọ. Òfin tiwa, tí àjọ NCAA ń mójú tó, pàṣẹ oúnjẹ àti ilé ìtura bí ìdádúró bá gùn, àti ó kéré tán ìdá 30 nínú 100 owó tíkẹ́ẹ̀tì bí wọ́n bá fagi lé ìrìn àjò sókè òkun láìkìlọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìfagilé ni owó yẹn wà fún, kì í ṣe ìdádúró lásán.

Kò yẹ kí ẹ̀tọ́ ọmọ Nàìjíríà kéré nílé ju bó ti rí lájò lọ. Àwọn aṣòfin wa ló kù tí yóò tún un ṣe. Kí wọ́n tó ṣe é, ẹ tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì àti rìsíìtì yín, ẹ béèrè ìdí ìdádúró, kí ẹ sì gbà á ní kíkọ sílẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.