Bí Koríko Àtọwọ́dá Ṣe Dé Pápá Ìṣeré

Àwọn àgbà ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, bí a bá tọ ìtàn koríko àtọwọ́dá dé orísun rẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, a ó rí i pé àwọn onípápá àti àwọn oníṣòwò ni wọ́n jókòó fá orí yìí. Àwọn eléré, tí wọ́n ni ẹsẹ̀ àti orúnkún, kò sí níbẹ̀.

Èrò tí ó kọ́kọ́ bí i kò burú. Àjọ kan tí Ford Foundation ń náwó fún ń wá ilẹ̀ ìṣeré fún àwọn ọmọ ìlú ńlá, níbi tí sìmẹ́ǹtì àti ọ̀dà ti gba gbogbo ilẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Monsanto, tí ó ń fi náílọ́ọ̀nù ṣe ẹní ìtẹ́lẹ̀, gba iṣẹ́ náà ṣe. Ní ọdún 1964, wọ́n tẹ́ ChemGrass, bí wọ́n ti ń pè é nígbà náà, sí ilé-ẹ̀kọ́ Moses Brown ní ìlú Providence.

Bóyá ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá mọ, bí kò bá ṣe ti ilé ńlá kan ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas. Nítorí oòrùn, òjò àti ẹ̀fọn ìlú náà, wọ́n kọ́ Astrodome, pápá eré baseball tí òrùlé bò látòkè. Wọ́n ṣí i ní oṣù kẹrin ọdún 1965. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ike dídán ni wọ́n fi ṣe òrùlé rẹ̀, kí oòrùn lè máa wọlé bọ́ koríko gidi tí wọ́n gbìn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí eléré bá gbójú sókè lọ́sàn-án láti wo bọ́ọ̀lù, ìtànṣán a kọ mànà lójú rẹ̀, kò sì ní rí bọ́ọ̀lù mọ́. Wọ́n fi ọ̀dà kun ike náà. Ojú eléré sinmi, koríko sì kú. Kí sáà náà tó parí, ọ̀dà aláwọ̀ ewé ni wọ́n ń fi kun koríko òkú àti erùpẹ̀.

Roy Hofheinz, ọ̀gá pápá náà, wá ké sí Monsanto. Èyí tí wọ́n ti ṣe kò tó. Nítorí náà àárín pápá ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 1966, ẹgbẹ́ Houston àti Dodgers ti Los Angeles figagbága lórí rẹ̀. Ní oṣù keje, wọ́n tẹ́ èyí tí ó kù. Lára orúkọ ilé náà ni wọ́n ti yọ orúkọ AstroTurf.

Oògùn ilé kan ṣoṣo yìí ni ó wá di àṣà. Ní ọdún 1967, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Indiana tẹ́ ẹ sí ìta gbangba, níbi tí oòrùn àti òjò kò ti wọ́n. Nígbà tí yóò fi di 1970, ó ti dé Pittsburgh, Cincinnati àti St. Louis. Èrè onípápá hàn gbangba: ilẹ̀ tí kò ń fẹ́ ìsinmi lè gba oríṣi eré méjì láìbàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹní tínrín lórí ilẹ̀ líle ni. Ó ń gbóná nínú oòrùn, ó ń bó eléré lára, ó sì ń di bàtà mú. Ní 1976, àwọn oníṣègùn sọ ìpalára àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kan lórúkọ mọ́ ọn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Queens Park Rangers tẹ́ irú rẹ̀ ní 1981, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ń ta sókè ju bó ti yẹ lọ. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ alákòóso bọ́ọ̀lù ibẹ̀ fòfin dè é.

Irú tuntun dé lẹ́yìn náà, tí koríko rẹ̀ gùn, tí a da iyanrìn àti ẹ̀rún rọ́bà sí láàárín. Òfin bọ́ọ̀lù àgbáyé gbà á wọlé ní 2004. Síbẹ̀, ní 2014, àwọn obìnrin agbábọ́ọ̀lù pe ẹjọ́ pé wọn kò fẹ́ ẹ fún ìdíje Ife Àgbáyé ti 2015 ní Kánádà. Orí rẹ̀ náà ni wọ́n gbá a.

Ẹ wá wo Houston lónìí. Pápá NRG, tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Astrodome àtijọ́, ní òrùlé tirẹ̀ àti koríko àtọwọ́dá. Nígbà tí a yàn án fún Ife Àgbáyé àwọn ọkùnrin ti 2026, koríko gidi ni FIFA béèrè. Èyí fi hàn pé bí a bá fẹ́ ẹ tọkàntọkàn, a lè rí i ṣe.

Koríko àtọwọ́dá wúlò níbi tí omi ti wọ́n, tàbí tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń pín pápá kan lò. Ṣùgbọ́n kí a tó tẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí yóò ṣubú lé e.