Àpótí kékeré tó wà láàárín rédíò àti kọ̀ǹpútà 🧵

Ẹ̀yin èèyàn mi ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó, tí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ fún wákàtí kan péré, ariwo la máa ń pa. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwọn dókítà kan ṣe ń gba ímeèlì nílẹ̀ Áfíríkà nígbà tí kò tíì sí nẹ́tíwọ̀kì kankan tó máa lọ. Ó gùn díẹ̀ o.

Iléeṣẹ́ ńlá kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Àwọn ham ni, ìyẹn àwọn tó ń fi rédíò bára wọn sọ̀rọ̀ torí pé wọ́n fẹ́ràn ẹ̀, kì í ṣe torí owó. Ní 1978, àwọn ham ní Montreal, Kánádà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi rédíò gbé ọ̀rọ̀ láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíì. Ní 1985, ẹgbẹ́ TAPR ní Arizona gbé àpótí TNC-2 jáde, ọ̀pọ̀ èèyàn sì wò ó ṣe tiwọn.

Kí ni TNC ń ṣe? Ògbufọ̀ ni. Kọ̀ǹpútà ò gbọ́ èdè rédíò, rédíò náà ò gbọ́ tiẹ̀. TNC á gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, á kọ orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ẹni tó máa gbà á sára ìdì kọ̀ọ̀kan, á wá sọ ọ́ di ohùn méjì: 1,200 Hz àti 2,200 Hz. Tí ìdì kan bá bà jẹ́ lọ́nà, á tún un fi ránṣẹ́.

Síso ó mọ́ kọ̀ǹpútà ò le: wáyà mẹ́ta ti tó, èyí tó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, èyí tó ń gbé e bọ̀, àti ground. Ìyára ló máa ń dá èèyàn lágara. Tí kọ̀ǹpútà bá wà lórí 9,600 tí TNC wà lórí 1,200, jágbajàgba ló máa kún ojú kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin á sì máa bú rédíò tí ò ṣẹ̀ yín 😂

Ibi tọ́rọ̀ ti kan wa nìyí. Dókítà ọkàn kan ní Amẹ́ríkà, Bernard Lown, dá SatelLife sílẹ̀. Wọ́n lo sátẹ́láìtì UoSAT-3 tí Yunifásítì Surrey kọ́, tó gòkè ní January 1990. Nǹkan bíi 800 kìlómítà ló ga sókè, ẹ̀ẹ̀mélòó kan lóòjọ́ ló sì ń kọjá lórí ibì kan, fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ rò ó bíi wéébìlì: bí dírẹ́bà bá ti dé gáréèjì, ẹ gbé tiyín fún un, ẹ gba èyí tó gbé bọ̀. Rédíò, TNC àti kọ̀ǹpútà kan ni gáréèjì yẹn.

Ní àríwá Gánà, níbi tó jìnnà sí Accra, àwọn olùwádìí ibà ń fi í bá London sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Lójú tèmi, a ò tíì yin àwọn ham tó.

Ẹ̀yin ọmọ ẹnjiníà FUOYE tẹ́ ẹ wà ní Ìkọ̀lé, ibùdó òfuurufú ISS ṣì máa ń fi irú ohùn yẹn ránṣẹ́ lórí 145.825 MHz, ó sì ń kọjá lórí Èkìtì. Ẹ ò tiẹ̀ nílò TNC mọ́: Direwolf, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, á ṣe é lórí láptọ́ọ̀pù yín. Gbígbọ́ nìkan o! Ẹni tó bá fẹ́ fèsì gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ, kó sì ní orúkọ rédíò tiẹ̀. Ti Nàìjíríà, 5N ló ń bẹ̀rẹ̀.