Ìlera Wa Kì í Ṣe Alábọ́dé

Inú a máa bí mi nígbàkígbà tí mo bá tan rédíò ní Ilé-Ifẹ̀ tí mo sì gbọ́ "ilé ìwòsàn alábọ́dé", ohun tí òyìnbó ń pè ní primary health centre. Ta ló kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ yìí lé wa lọ́wọ́? Alábọ́dé ni ẹni tí kò ga, tí kò sì kúrú. Bí olùkọ́ bá ní iṣẹ́ ọmọ kan jẹ́ alábọ́dé, òbí rẹ̀ mọ̀ pé olùkọ́ kò yin ọmọ náà. Ẹ wá wo aboyún tó gbéra láti abúlé kan ní Gúúsù Ifẹ̀ láti wá gba abẹ́rẹ́. Orúkọ tí a fi ń pe ibi tó ń lọ ti sọ fún un pé ìtọ́jú ibẹ̀ kò ju bó-ṣe-mọ lọ. A ti dájọ́ iṣẹ́ náà kí ẹnikẹ́ni tó wọ̀n ọ́n.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n, tí wọ́n ń fi ẹkùn kan wé òmíràn. Ìwádìí ìjọba lórí iye ènìyàn àti ìlera, ti ọdún 2018, sọ pé nínú 1,000 ọmọ tí a bí láàyè ní Nàìjíríà, 132 ló ń kú nígbà náà kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún. Ní Àríwá Ìwọ̀-oòrùn, 187 ni. Ní ẹkùn tiwa, Gúúsù Ìwọ̀-oòrùn, 62 ni. Mo fẹ́ kí ìyá ọmọ lè gbọ́ irú ìròyìn yìí ní èdè rẹ̀, kí ó yé e délẹ̀, kí ó sì lè béèrè ìdí.

Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí a nílò fún irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kò ní wàhálà kankan. Ìfiwéra ni ìfiwéra. Ẹkùn, ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ti wà nílẹ̀. Atọ́ka dára fún ohun tí a ń wò kí a tó mọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Nọ́ọ̀sì, fáìlì, rìjísítà, wọ́ọ̀dù: kí wọ́n jókòó síbi tí wọ́n wà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní wọ́ọ̀dù 332 nínú ìjọba ìbílẹ̀ 30, n kò sì rí ẹni tó ń wá orúkọ mìíràn fún wọ́ọ̀dù tirẹ̀. Ìlànà tèmi ni pé kí a yá orúkọ ohun tó bá òyìnbó wọlé, ṣùgbọ́n kí a fúnra wa ṣẹ̀dá orúkọ ohun tí a ó fi ṣèdájọ́.

Ìwọ̀n àti òṣùwọ̀n nìkan ni mo fẹ́ yà sọ́tọ̀ díẹ̀, nítorí pé àwọn òǹkọ̀wé ń lò wọ́n bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Dókítà David Morley, tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà láti 1956 dé 1961, lo káàdì kan fún àwọn ọmọdé Ìmẹ̀sí-Ilé, èyí tí ìlà rẹ̀ ń gòkè bí ọ̀nà. Àmì tí nọ́ọ̀sì ń fi sí i nígbà tó bá wọn ọmọ tán ni ìwọ̀n ọmọ náà. Ìlà tó ti wà lórí káàdì tẹ́lẹ̀ ni òṣùwọ̀n. Bí a bá pe méjèèjì ní ọ̀kan, a kò ní mọ ọmọ tó ń jó rẹ̀yìn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó ní wàhálà. Àkọ́kọ́ ni alábọ́dé: kí ni a ó wá fi rọ́pò rẹ̀? Àwọn kan ní kí a pè é ní ìlera alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ yẹn. Ní Ifẹ̀ níbí, láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ṣíṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kì í ṣe tuntun ní ìlú yìí. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ ti gba alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe tirẹ̀. Bí a bá ní nọ́ọ̀sì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni etí yóò gbọ́. Ìlera ìpìlẹ̀ sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ìpìlẹ̀ wà nínú ilẹ̀, ojú kì í tó o, bẹ́ẹ̀ sì ni ilé ìwòsàn yìí ni ojú aráàlú kọ́kọ́ ń rí.

Kọ́kọ́ yìí gan-an ni mo ń wá. Ìpàdé tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Alma-Ata ní 1978, níbi tí ètò ìtọ́jú yìí ti jáde, sọ pé irú ìtọ́jú yìí ni ibi àkọ́kọ́ tí ènìyàn àti ẹbí ti ń pàdé ètò ìlera orílẹ̀-èdè wọn. Kọ́ tó wà nínú kọ́kọ́ ló wà nínú àkọ́bí, òun ló wà nínú Àkọ́dá tí àwọn babaláwo ń júbà. Fi kàn, tí í ṣe bíbá nǹkan pàdé, tẹ̀lé e: àkọ́kàn. Ìtọ́jú àkọ́kàn, ilé ìtọ́jú àkọ́kàn. Kò sọ pé ìtọ́jú náà kéré, kò sì sọ pé ó pọ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ kọ́kọ́ kàn ló sọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, mínísítà ètò ìlera láti 1985 dé 1992, fi ìjọba ìbílẹ̀ 52 ṣe àwòkọ́ṣe ètò yìí. Ohun tí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ fi ìgbésí ayé rẹ̀ jà fún kò yẹ ní alábọ́dé.

Ọ̀rọ̀ kejì le ju èyí lọ. Òun ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń pè ní pafọ́máǹsì. Ìwé ìròyìn a máa kọ ọ́ ní àṣeyọrí. Ẹ tú àṣeyọrí wò: ṣe, yọ, orí. Iṣẹ́ tí a ṣe tí orí rẹ̀ sì yọ ni. Báwo ni a ṣe fẹ́ wọn àṣeyọrí ilé ìwòsàn tí kò ní oògùn, tí nọ́ọ̀sì rẹ̀ kì í wá? Bí alábọ́dé ṣe dá ẹjọ́ ẹ̀bi ṣáájú, bẹ́ẹ̀ ni àṣeyọrí dá ẹjọ́ àre ṣáájú. Ìjáfáfá ní àléébù kan náà, ìyìn ni. Ìṣesí sì jẹ́ ti ìwà: ìṣesí nọ́ọ̀sì ni bó ṣe ń dáni lóhùn.

Ìjíṣẹ́ ni mo mú wá. Jẹ́ iṣẹ́ ló di jíṣẹ́, bí jẹ́ ìhìn ṣe di jíhìn. Bí ìjíhìn bá sì ti wọ èdè ìjọba, ìjíṣẹ́ kò lè ṣàjèjì. Ẹni tí a rán níṣẹ́ lè jẹ́ ẹ pé, ó lè jẹ́ ẹ ní àbọ̀, ó sì lè gbàgbé rẹ̀ sọ́nà. Ọ̀rọ̀ náà fàyè sílẹ̀ fún gbogbo rẹ̀. Ẹnì kan ti sọ fún mi pé iṣẹ́ ẹnu nìkan ni à ń jẹ́. Kí ni ká wá ṣe ọ̀rọ̀ òjíṣẹ́ Ọlọ́run, tó ń gbàdúrà fún aláìsàn, tó ń sìnkú, tó ń so yìgì? Ohun tó tún jẹ́ kí n fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí ni pé kò sí ìjíṣẹ́ láìsí ẹni tó ránni. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti 2014 ní kí ó kéré tán, ìdá 1 nínú 100 owó tó ń wọlé sápò ìjọba àpapọ̀ lọ sí owó ìtọ́jú ìlera tó ṣe kókó. Owó aráàlú ni. Àwa la ránni.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni ti iye àwọn tí iṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo ti rí i níbi tí wọ́n pè é ní ìbòmọ́lẹ̀, bí ẹni ń bo àṣírí. Ẹ̀rù bà mí. Yorùbá ní kárí: ká, orí. Kí nǹkan yí ká gbogbo orí ni. Ìkárí, nígbà náà, ti gbé iye orí sínú ara rẹ̀, orí yẹn gan-an ló sì máa ń dàrú nínú ìfiwéra. Ìgbà tí a kànìyàn kẹ́yìn ní Nàìjíríà ni 2006. Láti ìgbà náà, iye tí a fojú bù ni a fi ń ṣírò ọmọ tó wà ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Ìyá tó ń gbé ní Ìlà-oòrùn Ifẹ̀ lè gbé ọmọ rẹ̀ wá gba abẹ́rẹ́ ní Àárín-gbùngbùn Ifẹ̀, kí àkọsílẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ kan wú, kí ti èkejì sì joro. Báyìí ni ìwé fi ń sọ pé a ti fún ọmọ 110 lábẹ́rẹ́ nínú 100. Etí Yorùbá kò ní gba irú gbólóhùn yẹn bí a bá fi kárí sọ ọ́, nítorí kò sí ohun tó lè kárí ju iye orí tó wà nílẹ̀ lọ. Ẹ gbọ́ bí a ṣe lè ka ìwádìí 2018 yẹn lórí rédíò: "Nínú gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó ti pé ọdún kan tí kò tíì pé méjì, abẹ́rẹ́ àjẹsára pẹ́ńtà kẹta kárí 50 nínú 100." Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò béèrè àádọ́ta yòókù.