Ọpọ́n Ayò àti Owó Oṣooṣù

Kò sí ẹni tí ó mọ Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò mọ ayò ọlọ́pọ́n. Ihò 12 ni ọpọ́n náà ní, ọmọ ayò mẹ́rin sì ni ó ń wọ inú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó ra ọpọ́n lọ́wọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ti rà á pátápátá: ó lè yá ẹlòmíràn, ọmọ rẹ̀ sì lè jogún rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í wá gba owó oṣù lọ́wọ́ àwọn ọ̀tayò lábẹ́ igi.

Ọ̀nà mìíràn ni àwọn oníṣòwò òkè òkun wá gbà. Ní ọdún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà. Ẹni kan a máa pa ìtàn bí apàlọ́, àwọn yòókù a sì máa ṣe bí akọni inú rẹ̀. Ìwé, pẹ́ńsù àti dáìsì ni wọ́n fi ń ṣeré náà. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì gbòde, Roll20 bẹ̀rẹ̀ ní 2012, D&D Beyond sì tẹ̀lé e ní 2017. Wọ́n ṣí àyè díẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò máa san àsansílẹ̀ lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún. Ọgbọ́n alátẹ tí í fi ìtọ́wò fa oníbàárà ni èyí. Kì í ṣe tuntun lójú ẹni tí ó ti ná ọjà Akẹ̀sán.

Ní 2022, Hasbro, tí eré náà jẹ́ tirẹ̀, ra D&D Beyond ní mílíọ̀nù 146 dọ́là àti díẹ̀. Ní oṣù kìíní 2023, àṣírí tú pé wọ́n fẹ́ yí ìwé àṣẹ ọdún 2000 padà, èyí tí ó jẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn máa lo òfin eré náà lọ́fẹ̀ẹ́. Inú bí àwọn oníbàárà. Wọn kò gbé igi, wọn kò gbé òkúta. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fagi lé àsansílẹ̀ wọn. Nígbà tí ó di ọjọ́ 27 oṣù náà, ilé iṣẹ́ náà fi ìwé àṣẹ àtijọ́ sílẹ̀ bí ó ti wà.

Èsúsú ti kọ́ àwọn baba wa ní ẹ̀kọ́ yìí: ìgbẹ́kẹ̀lé ni owó tí à ń dá déédéé dúró lé. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Ẹni tí ó dá èsúsú yóò kó owó rẹ̀. Ẹni tí ó bá dẹ́kun àsansílẹ̀ a pàdánù púpọ̀ nínú ohun tí ó ń lò. Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ tí ń ronú àtigbé ayò tàbí àlọ́ wa lọ sórí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ pinnu ohun tí yóò kù sọ́wọ́ oníbàárà nígbà tí owó rẹ̀ bá tán. Foundry ti fi hàn láti 2020 pé a lè ta irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọpọ́n ayò ti fi bẹ́ẹ̀ hàn tipẹ́tipẹ́.