Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ìgboro Tamale àti Fọ́tò Tó Fi Ojú Pamọ́

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó wúwo láti bá ẹbí sọ kì í rán ọmọdé sí i, kì í sì í parí rẹ̀ lórí tẹlifóònù. Á ní kí àwọn fojú rinjú. Ẹnu lè pa irọ́, ṣùgbọ́n ó ṣòro kí ojú tó bá a pa á. Òwe yìí ti mọ́ wa lára débi pé a ti ń fi wọn ohun tí kò sí nílẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pa á, pàápàá fọ́tò. Bí wọ́n bá fi fọ́tò lé wa lọ́wọ́, ojú la kọ́kọ́ ń wá: ta nìyí? Ṣé ó jọ ọ́? Bí ẹni inú rẹ̀ bá kẹ̀yìn sí wa, tí eruku bá bò ó, tàbí tí kámẹ́rà gé orí rẹ̀ kúrò, a ó ní fọ́tò náà bàjẹ́. Ìdájọ́ yẹn ni mo fẹ́ tako níhìn-ín. Lójú tèmi, fọ́tò ìgboro tí kò tẹ̀lé ìlànà, tó gba ẹ̀gbẹ́ wo nǹkan, lè mú òwe yẹn ṣẹ ju èyí tí ènìyàn wọ aṣọ ẹ̀yẹ jókòó yà lọ. Ìlú Tamale ní àríwá Gánà sì wà lára ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń fojú tẹ́ńbẹ́lú fọ́tò ìjókòó. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó ṣe ìwádìí láàárín àwọn ayàwòrán Ìlá Ọ̀ràngún lọ́dún 1975, tó sì tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn African Arts lọ́dún 1978, ṣàlàyé bí àwọn àgbà ṣe ń jókòó: wọ́n á kọjú síwájú gan-an, aṣọ á fẹ̀, ọwọ́ á wà lórí orúnkún, ojú méjèèjì á hàn. Ó rí i pé ìlànà kan náà ni àwọn agbẹ́gilére ti ń lò kí kámẹ́rà tó dé, nítorí pé ipò ènìyàn àti ìwà àgbà ni wọ́n ń yà, kì í ṣe ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ ní ìṣẹ́jú yẹn. Ẹ̀rí kan wà nínú iṣẹ́ Sprague yìí kan náà tó gbèjà ohun tí mo ń sọ. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ayàwòrán a máa tẹ fọ́tò èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, kí ó lè dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó pọ̀. Ìyá wọn á gbé fọ́tò náà kọ́ sára ògiri, á sì máa wò ó pẹ̀lú ìfẹ́. Ojú olóògbé kò sí níbẹ̀ rárá o. Ojú ẹlòmíràn ló dúró fún un, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀ pátápátá. Nínú àṣà tó ka ojú sí jù lọ pàápàá, ohun tó ń gbé ọ̀rọ̀ náà kọjá ojú tí wọ́n yà.

Ẹ wá wo Tamale nígbà ọyẹ́. Láti nǹkan bí ìparí ọdún títí wọ oṣù kejì, afẹ́fẹ́ gbígbẹ máa ń gbé eruku bọ̀ láti aṣálẹ̀, eruku náà á sì pàdé erùpẹ̀ pupa tó wà nílẹ̀. Ìlú alùpùpù ni Tamale. Obìnrin ń gùn ún bí ọkùnrin: ìyá ọlọ́jà, olùkọ́, nọ́ọ̀sì, akẹ́kọ̀ọ́, tí àwọn mìíràn sì pọn ọmọ sẹ́yìn. Wọ́n á fi ìborùn wé imú àti ẹnu nítorí eruku. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nílùú náà, nítorí náà kódà tí ọyẹ́ bá lọ, ìborùn kì í tán nígboro. Ojú tí a ń wá yìí, ìgboro fúnra rẹ̀ ti bò ó kí ayàwòrán tó dé. Bí ayàwòrán bá ní dandan ojú lòun fẹ́, àfi kó dá arìnrìn-àjò dúró, kó ní kó tú ìborùn, kó dúró ṣánṣán. Ohun tí yóò yà nígbà náà dára, ó sì níyì, ṣùgbọ́n ìgboro ti kúrò nínú rẹ̀.

Fọ́tò tó bá irú ìgboro bẹ́ẹ̀ mu lè jẹ́ ọwọ́ kan tó di alùpùpù mú, ẹsẹ̀ ọmọ kan tó yọ nínú ọ̀já, tí gbogbo ìyókù sì jẹ́ eruku. Ó lè jẹ́ òjìji ẹni tó ru àpò sórí, tó ṣubú sára ògiri nítòsí ọjà Aboabo. Ó lè jẹ́ etí fugu, ẹ̀wù tí àwọn Dagomba ń rán láti inú aṣọ òfì tẹ́ẹ́rẹ́, bí ó ṣe fẹ̀ yíká nígbà tí ẹni tó wọ̀ ọ́ ń jó nínú ọdún Damba, tí orí oníjó náà kò sì sí nínú fọ́tò. Kí ni irú nǹkan báyìí ń ṣe fún ẹni tó ń wò ó? Ojú tó bá hàn a máa tètè dá wa lóhùn: lágbájá nìyí, a ó sì kọjá lọ. Nígbà tí ojú kò bá sí, ìdáhùn yẹn kò sí, ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. A ó ro bí ọmọ ẹ̀yìn yẹn ṣe wúwo tó. Ọ̀fun wa á gbẹ. A ó fẹ́ mọ ibi tí ìyá náà ń sáré lọ, bóyá ọjà ni, bóyá ilé ìwòsàn. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ti gbé e rìn bẹ́ẹ̀ rí, àárò lè sọ ọ́ láìròtẹ́lẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dé Gánà rí. Òwe wa bèèrè pé kí a fojú rinjú nítorí pé ó fẹ́ kí a wà níbẹ̀, kí ara wa gbọ́ ohun tí ẹnu kò lè sọ tán. Fọ́tò tó mú ọ̀fun gbẹ ti gbé wa débẹ̀.

Ẹlòmíràn á sọ pé àṣà àjèjì nìyẹn, pé Yorùbá kì í ṣe àpọ́nlé ohun tí kò lójú. Mi ò gbà. Egúngún kò fi ojú hàn. Láti orí dé ẹsẹ̀ ni aṣọ bò ó, èèwọ̀ sì ni kí ẹnikẹ́ni tú u wò. Síbẹ̀, ta ni yóò ní ọ̀rọ̀ kò sí lára ará ọ̀run? Ìrìn rẹ̀, ohùn rẹ̀, bí abala aṣọ rẹ̀ ṣe ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bó ti ń yí, ni àwọn ọmọ ilé ń wò tí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni oríkì. Karin Barber, onímọ̀ tó gbé pẹ̀lú àwọn ará Òkukù, fi hàn nínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1991 pé oríkì kì í tò tẹ̀ léra bí ìtàn. Ẹyọ-ẹyọ ló ń wá: ìjà baba ńlá kan níhìn-ín, àwọ̀ ara ẹnì kan lọ́hùn-ún, àwàdà àtijọ́ tí ẹni tó ń kì í pàápàá lè má mọ ìdí rẹ̀ mọ́. Ẹni tí wọ́n ń kì kò ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣàlàyé kí orí rẹ̀ tó wú. Etí wa ti mọ bí a ṣe ń gba ohun tó já sí wẹ́wẹ́, kí a sì fi ọkàn so ó pọ̀. Ojú wa náà lè kọ́ ọ. Ní ti kámẹ́rà fúnra rẹ̀, J. D. 'Okhai Ojeikere, ọmọ Ẹdó tó ṣiṣẹ́ nílùú Ìbàdàn àti Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin lọ́dún 1968, ó sì yà á tó nǹkan bí 1,000. Púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ìpàkọ́ nìkan la rí. Kò sí ẹni tó ní fọ́tò wọ̀nyẹn bàjẹ́.

Ẹ̀sùn tó le jù ni pé irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kò nílò ọgbọ́n: ọmọdé tó bá fi fóònù tẹ nǹkan lásán náà lè gé orí ènìyàn kúrò. Òótọ́ ni pé àṣìṣe lè jọ iṣẹ́ ọnà. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni yíyàn. Ayàwòrán Robert Frank rìn káàkiri Amẹ́ríkà ní 1955 àti 1956, ó ya fọ́tò tó lé ní 27,000, ṣùgbọ́n 83 péré ló wọ ìwé The Americans, tó jáde ní Paris lọ́dún 1958 àti ní Amẹ́ríkà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àwọn alárìíwísí kan nígbà náà ní fọ́tò rẹ̀ ṣókùnkùn, pé ilẹ̀ inú rẹ̀ wọ́. Lónìí, ìwé náà wà lára èyí tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ayàwòrán níṣẹ́. Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa ju Frank lọ ni Akinbode Akinbiyi, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní Oxford lọ́dún 1946, tó sì ń gbé ní Berlin. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún rin ìgboro Èkó, Berlin, Bàmákò àti Johannesburg pẹ̀lú Rolleiflex, kámẹ́rà fíìmù tó jẹ́ pé fọ́tò 12 péré ni ìdì fíìmù kan ń gbà. A kì í gbé kámẹ́rà yìí sójú. Àyà la ń gbé e sí, ẹni tó ń lò ó á sì tẹrí ba kó tó lè rí ohun tó wà níwájú rẹ̀, bí ẹni ń kí àgbà. Nínú fọ́tò rẹ̀, ènìyàn lè kẹ̀yìn sí wa, òpó iná lè dá ìran náà sí méjì, ohun tí a rò pé ó ṣe pàtàkì sì lè wà ní igun. Bí a bá wò ó pẹ́, a ó rí i pé ohunkóhun kò ṣèèṣì bọ́ síbẹ̀. Wọ́n fún un ní Goethe Medal ní Jámánì lọ́dún 2016. Èmi kò ka àmì-ẹ̀yẹ sí ẹ̀rí. Sùúrù ẹni tó ní 12 péré lọ́wọ́ ni ẹ̀rí.

Àtakò kan wà tí mi ò lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú, ìyẹn ti ọ̀wọ̀. Kí ni ẹ̀tọ́ àlejò láti ya ẹni tí kò béèrè? Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ọ̀pọ̀ ọdún sì ni àwọn àlejò ti ń wá sí àríwá Gánà láti wá ojú ọmọ tí ebi ń pa, tí wọ́n á gbé lọ síbi tí ọmọ náà kò ní dé láéláé. Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa, ojú ni wọ́n ń jí. Fọ́tò tó fi ojú pamọ́ kò wẹ ayàwòrán mọ́ kúrò nínú gbogbo ẹ̀ṣẹ̀, nítorí aṣọ, ara àti ìrìn náà ń fi ènìyàn hàn, ó sì yẹ kí ayàwòrán gba àṣẹ níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ó fi iyì sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Ibrahim Mahama, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Tamale tí wọ́n bí lọ́dún 1987, fi èyí hàn dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin láti àríwá ń lọ ṣe alárù ní ọjà Accra àti Kumasi, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní kayayei. Àwọn kan nínú wọn a máa fín orúkọ ara wọn, ti ẹbí tàbí ti ìlú wọn sí apá, kí àwọn ènìyàn lè mọ ibi tí wọn yóò gbé wọn lọ bí jàǹbá bá ṣe wọ́n nílẹ̀ àjèjì. Mahama ya àwọn apá tí wọ́n fín orúkọ sí bẹ́ẹ̀: apá nìkan, láìsí ojú. Ẹni tó bá wo fọ́tò náà kò lè fi ẹ̀rín tàbí ẹkún ọmọbìnrin náà tu ara rẹ̀ nínú. Ó ní láti ka orúkọ, kó sì ronú ohun tó mú ọ̀dọ́ kan múra sílẹ̀ de ikú ara rẹ̀ kó tó lọ gbé ẹrù ẹlòmíràn. Ẹ̀rù tó bani nígbà náà tọ́ sí wa.

Tamale ní ibi tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè gbé báyìí. Mahama ló dá Savannah Centre for Contemporary Art sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 2019, lẹ́yìn náà ló kọ́ ibùdó iṣẹ́ ọnà Red Clay sí Janna Kpeŋŋ lẹ́yìn ìlú, níbi tí àwọn ọmọ iléèwé ti ń wọ inú ọkọ̀ òfuurufú àtijọ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa Yorùbá pẹ̀lú. Kí ìjọba Busia ní Gánà tó pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọjọ́ 14, àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ìgbòho àti Ṣakí wà ní ọjà Tamale fún ìran méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Onímọ̀ J. S. Eades kọ odidi ìwé nípa wọn, tó jáde lọ́dún 1993. Ohun tí ìwé lè sọ fún wa nípa wọn kò kéré: iye ọjà, ọ̀nà tí wọ́n gbà dé, ẹni tó mú ẹni wá. Fọ́tò ìjókòó náà lè sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ kí a rántí wọn. Bí àtẹ wọn ṣe rí ní ọ̀sán gangan, àti bí ẹ̀yìn ìyá kan ṣe tẹ̀ nídìí igbá, kò sí ẹni tó ń gbé owó lé ayàwòrán lọ́wọ́ kó wá ya ìyẹn. Nítorí náà, àwọn ọ̀dọ́ Tamale tó ń ya ìgboro wọn lórí fóònù, àti àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ṣakí, kí wọ́n má pa èyí tí ojú kò hàn nínú rẹ̀ rẹ́. Kí wọ́n kọ ọjọ́ àti àdúgbò sí i, kí wọ́n sì fún àwọn ilé bíi ti Tamale yìí ní ẹ̀dà rẹ̀ láti tọ́jú.