Oge Orí Kẹ̀kẹ́, láti Àjàṣẹ́ dé Èkó

Ní ọdún 1987, Center for African Art ní New York ní kí ènìyàn mẹ́wàá wá yan iṣẹ́ ọnà Áfíríkà tó bá wù wọ́n fún ìpàtẹ kan. David Rockefeller, gbajúmọ̀ olówó, wà lára wọn. James Baldwin, òǹkọ̀wé, náà wà lára wọn. Lára ohun tí Baldwin mú ni ère igi Yorùbá kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mítà kan, tí Newark Museum ní New Jersey ń tọ́jú: ọkùnrin kan tòun ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Àlàyé tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀ ni pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oníṣòwò tó ń lọ sọ́jà. Lójú Baldwin, ẹni tó mọ iyì ara rẹ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ tó ń lọ jẹ́ lè má ṣeé ṣe. Inú ọdún yẹn náà ni Baldwin kú. Ní 1991, Kwame Anthony Appiah, onímọ̀ èrò-ìjìnlẹ̀ tó tan mọ́ Ghana, fi ère yìí parí àròkọ rẹ̀ kan tó lókìkí. Ohun tó sọ ni pé ẹni tó gbẹ́ ère náà kò da ara rẹ̀ láàmú pé òyìnbó ló ṣe kẹ̀kẹ́. Ó gbẹ́ ẹ nítorí pé kẹ̀kẹ́ á gbé èèyàn dé ibi tí ẹsẹ̀ lásán kò lè gbé e dé.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, àmọ́ ó ku díẹ̀. Tó bá jẹ́ ti ìwúlò nìkan ni, kí ni aṣọ òyìnbó tó wà lọ́rùn ọkùnrin náà ń ṣe níbẹ̀? Agbẹ́gilére náà ti múra fún un kó tó gbé e jáde, kẹ̀kẹ́ sì wà nínú ìmúra yẹn gẹ́gẹ́ bí fìlà ṣe wà nínú ìmúra àgbà. Àwọn ọ̀gá agbẹ́gilére mìíràn náà rí i bẹ́ẹ̀. Àrẹògún ará Ọ̀sì-Ìlọrin, tó kú ní 1954, máa ń fi ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ sí ara ilẹ̀kùn tó ń gbẹ́, láàárín àwọn jagunjagun, ọdẹ àti abọ̀rìṣà. Lórí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ní agbègbè Kétu títí wá dé ìhà Àjàṣẹ́, kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù ti di ohun tí a ń gbẹ́ lé orí agbegijó, tí gbogbo ọjà ń wò.

Àjàṣẹ́ yìí, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, bọ́ sí ibi tó dára fún ìtàn kẹ̀kẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé pé ti Faransé ni Àjàṣẹ́, ti Gẹ̀ẹ́sì sì ni Àgbádárìgì. Ẹbí kan náà wá ń gbé ní ìhà méjèèjì, ẹ̀gbọ́n ní Ìdìrókò, àbúrò ní Ìgòlò. Ìgbà yẹn náà sì ni kẹ̀kẹ́ tí a mọ̀ lónìí ń jáde láti ilé iṣẹ́. Rover tí John Kemp Starley ṣe ní Coventry lọ́dún 1885 ló fi ìdí kẹ̀kẹ́ tí táyà iwájú fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ti ẹ̀yìn múlẹ̀. Ní 1888 ni Dunlop gbé táyà tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí jáde. Láti Nottingham ni Raleigh ti ń wá, láti ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé ni Peugeot, tó ti ń ṣe kẹ̀kẹ́ láti 1882. Ṣọ́ọ̀bù UAC àti John Holt ni wọ́n ti ń ra ti Gẹ̀ẹ́sì ní Nàìjíríà. Ní Dahomey, tó di Bénin lónìí, CFAO àti SCOA ló ń kó ti Faransé wá. Ẹni tó wà ní Àjàṣẹ́ lè rí méjèèjì lójú pópó kan náà.

Kẹ̀kẹ́ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, ẹ jẹ́ kí a dúró wò ó dáadáa. Dúdú ni, ó ga, irin ni láti òkè délẹ̀, okùn kò sí nínú bíréèkì rẹ̀: irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló gba abẹ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lọ dé ibi táyà. Ẹni tó gùn ún á jókòó tààrà bí ọba. Ẹni tí kò bá súnmọ́ ọn á rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, àmọ́ àwọn tó ṣe é kò fi ibi kékeré kankan sílẹ̀ láìṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Wọ́n fa ìlà wúrà tẹ́ẹ́rẹ́ sí ara irin tó bo táyà. Wọ́n kun ìdí irin tó bo táyà ẹ̀yìn ní funfun kí ọkọ̀ lè rí i lóru. Irin eléyín tí séènì ń yí lé lórí, ibẹ̀ gan-an ni oge wà: Raleigh gé orí ẹyẹ sí tirẹ̀, Humber gé ọkùnrin márùn-ún tó di ara wọn mú, Rudge sì fi àtẹ́lẹwọ́ sí tirẹ̀. Ẹni tó mọ kẹ̀kẹ́ á ti mọ èyí tó ń bọ̀ lókèèrè láti ibi eyín yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí. Ó dùn mọ́ mi pé orúkọ wọ̀nyí ń jà fún oníbàárà ní ọjà wa nígbà tí ọ̀gá kan náà ti ń kó wọn jọ lẹ́yìn òkun. Raleigh ra ẹ̀ka kẹ̀kẹ́ Humber ní 1932, ó ra ti Rudge ní 1943, ó ra ti Triumph ní 1954, ó sì ra ti BSA ní 1957. Eyín ara wọn ṣì yàtọ̀, nítorí oníbàárà kò fẹ́ kí wọ́n dọ́gba.

Kẹ̀kẹ́ Faransé kò ní irú ìfara-balẹ̀ yẹn. Ó fúyẹ́, okùn ló ń fa bíréèkì rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì lè jẹ́ búlúù, pupa tàbí ewé. Èyí tí wọ́n ń pè ní demi-course ni ìdajì eré-ìje: ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ bíi ti àwọn tó ń sáré Tour de France, ṣùgbọ́n ó ní irin tó bo táyà, ó ní iná, ó sì ní ibi tí a lè di ẹrù sí. Akọ̀wé tó gun Raleigh fẹ́ kí àwọn èèyàn bu ọlá fún òun. Ọ̀dọ́ tó gun demi-course fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun yára.

Bí ó ti wù kí ó rí, bí kẹ̀kẹ́ ṣe kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù kọ́ ló ń wà. Ẹni tó ni ín á tún un ṣe. Á fi ọ̀rá aláràbarà wé irin rẹ̀ láti òkè délẹ̀, kí ọ̀dà má baà ṣí, kí ó sì lè dá a mọ̀ láàárín ogún kẹ̀kẹ́ dúdú tó fara ti ògiri ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Á so awọ tàbí rọ́bà mọ́ ìdí irin tó bo táyà ẹ̀yìn, á kọ orúkọ rẹ̀ tàbí àdúrà sí i. Ẹrẹ̀ kò ní ta sí aṣọ, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á sì ti mọ ẹni tó wà níwájú. Búrọ́ọ̀ṣì roboto onírun pupa àti ofeefee tí wọ́n ń fi sí àárín táyà ń nu irin náà bí ó ti ń yí. Ìjókòó á ní aṣọ onítẹ́tẹ́. Jígí méjì, agogo méjì, iná tí dáínámò ń tàn. Òyìnbó tó rí i lè sọ pé ó ti pọ̀ jù. Síbẹ̀, ẹ yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan: ó ṣòro láti rí èyí tí kò ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Irin sì ni kẹ̀kẹ́, ti Ògún ni. Ẹni tó bá fi màrìwò sọ́wọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún mọ ohun tó ń ṣe.

Ní agbègbè Àjàṣẹ́, oge yìí tún di ohun tí wọ́n fi ń wá oníbàárà. Kí alùpùpù tó gba ìgboro, kẹ̀kẹ́ ológeere ló ń gbé èrò àti ẹrù níbẹ̀, taxi-kannan ni wọ́n ń pè é. Èrò tó fẹ́ jókòó sẹ́yìn á wo ibi tí tìmùtìmù ti nípọn, tí irin ń dán, kó tó pe oníkẹ̀kẹ́. Láti inú iṣẹ́ yìí ni zémidjan, alùpùpù akérò, ti yọrí lẹ́yìn náà, tó sì gba Cotonou kan ní àwọn ọdún 1980 nígbà tí iṣẹ́ ìjọba wọ́n. Mobylette, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ńjìnì tí ilé iṣẹ́ Motobécane gbé jáde ní 1949, ti la ọ̀nà sílẹ̀. Ìjọba ní kí àwọn tó ń wa zémidjan ní Cotonou wọ ẹ̀wù ofeefee tó ní nọ́ńbà. Ẹ̀wù di ọ̀kan náà, oge sá lọ sí ara alùpùpù, sí ìlẹ̀mọ́, sí aṣọ ìjókòó.

Ní oṣù kìíní 1994, owó CFA tí wọ́n ń ná níbẹ̀ já sí ìdajì: faranki Faransé kan, tó jẹ́ 50 CFA tẹ́lẹ̀, di 100. Ohun tuntun láti ilẹ̀ Faransé gbówó lórí lójijì. Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ àti ti Ṣáínà ló kù fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ní Ṣáínà, Flying Pigeon, tí wọ́n ti ń ṣe ní Tianjin láti 1950, àwòrán Raleigh àtijọ́ ni wọ́n wò ṣe é.

Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré lójú ọ̀dà náà ní oge tiwọn, kò sì kéré sí ti bàbá wa tó so agogo méjì. Ní Ítálì, lẹ́yìn tí Michele Dancelli fi kẹ̀kẹ́ Ernesto Colnago gba ìje Milano–Sanremo ní 1970, Colnago fi àmì ewé mẹ́ta orí káàdì ayò sára irin kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kò sì yọ ọ́ mọ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe á fi orúkọ táyà dojú kọ ibi tí a ti ń fẹ́ atẹ́gùn gẹ́lẹ́. Fáàrí ni, àmọ́ ó tún ń jẹ́ kí wọ́n tètè rí ojú ibẹ̀, bí nǹkan bá sì gún táyà, wọ́n á mọ ibi tí wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Àjọ UCI tó ń ṣàkóso eré náà tilẹ̀ ti ṣòfin láti 2019 pé ìbọ̀sẹ̀ kò gbọdọ̀ ga kọjá ìdajì ojúgun. Òṣìṣẹ́ wọn ń fi ìwọ̀n wọn ìbọ̀sẹ̀ àgbàlagbà!

Ní Áfíríkà, Tour du Faso ti wà láti 1987, Tour du Bénin náà wà, ní oṣù kẹsàn-án 2025 sì ni ìdíje àgbáyé ti ojú ọ̀nà wá sí ilẹ̀ wa fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Kigali. Ní Èkó, ẹgbẹ́ bíi Cycology ti sọ gígun kẹ̀kẹ́ òwúrọ̀ di fàájì. Kẹ̀kẹ́ tó dára ṣì wọ́n. Ní Olympics Paris ní 2024, Ese Ukpeseraye ti Nàìjíríà kò ní kẹ̀kẹ́ tó yẹ fún ìje inú pápá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ sí. Kẹ̀kẹ́ tó yá lọ́wọ́ ikọ̀ Jámánì ló fi díje.

Kẹ̀kẹ́ eré-ìje àtijọ́, irú demi-course àti èyí tó ga jù ú lọ, ṣì ń bọ̀ nínú ẹrù tòkunbọ̀. Ní Yúróòpù, àwọn olówó ń wá wọn kiri báyìí, wọ́n ń tún ọ̀dà wọn kùn gẹ́lẹ́ bí ilé iṣẹ́ ṣe kùn ún. Níhìn-ín, ẹni tó fẹ́ fi gbé ẹrù á tú ọwọ́ rẹ̀ tó tẹ̀ wálẹ̀, á yí i sókè, kí ẹ̀yìn má baà máa dùn ún, á ní kí wẹ́dà jó irin ẹrù mọ́ ìdí rẹ̀, á sì wé ọ̀rá tuntun mọ́ ọn. Àwọn kan ń pe èyí ní bíba ohun tó dára jẹ́. Èmi ò gbà. Àwọn tó ṣe é ní Faransé fi àyè ẹrù sílẹ̀ lára demi-course láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.